Ẹ má fi ìbínú nìkan gbé ìjọba lọ kọ́ọ̀tù: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Èyí tí mo rí jù ni kéèyàn rò pé òfin tó bá ti burú, kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ fagi lé e. Rárá o. Òfin lè le koko bí ojú ẹja, kó máa bí gbogbo ìlú nínú, síbẹ̀ kó má kọjá ààlà tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè fà fún ìjọba. Ohun tí adájọ́ máa bi yín ni pé ibo gan-an ni ìjọba ti kọjá ààyè ẹ̀, ṣé ilé aṣòfin lágbára láti ṣe irú òfin yẹn àbí ẹ̀tọ́ ta ni wọ́n tẹ̀ lójú. Tó bá jẹ́ "ìyà ń jẹ wá" nìkan lẹ ní lẹ́nu, ibi ìdìbò lẹ máa gbé ìyẹn lọ.

Ẹ má sì jókòó máa retí kí kọ́ọ̀tù fúnra ẹ̀ dìde sí ìjọba. Lọ́pọ̀ ibi, àfi kẹ́nì kan gbẹ́jọ́ wá, ẹni yẹn sì tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan òun.

Àwọn kan tún rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbì kan ni wọ́n ń ṣe é níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin wọn ò sọ ọ́ ní tààràtà pé kọ́ọ̀tù lè fagi lé òfin, adájọ́ àgbà John Marshall ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1803 nínú ẹjọ́ tí Marbury pe Madison tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà ìjọba (ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Marbury tó pẹjọ́ ò rí ipò tó ń wá gbà, torí òfin tó gùn lé wá sí kọ́ọ̀tù yẹn gan-an ni wọ́n fagi lé). Kọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò lè fagi lé òfin tí ilé aṣòfin ṣe, àmọ́ ẹ má parí ẹ̀ sí pé ìjọba ibẹ̀ lè ṣe bó ṣe wù ú o, torí lóṣù Kẹsàn-án 2019 adájọ́ 11 ní kọ́ọ̀tù tó ga jù níbẹ̀ panu pọ̀ pé bí Boris Johnson, olórí ìjọba wọn nígbà yẹn, ṣe ní kí wọ́n ti ilé aṣòfin fún ọ̀sẹ̀ 5 ò bófin mu, làwọn aṣòfin bá padà wọlé.

Àwọn olóṣèlú náà ní tiwọn. Wọ́n á ní àwọn lèèyàn pọ̀ nílé aṣòfin, àwọn lè tún ìwé òfin kọ bó ṣe wu àwọn. Lọ́dún 1973, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Íńdíà ní wọ́n lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọn ò lè wó ìpìlẹ̀ ẹ̀. Adájọ́ 7 sí 6 ni o, díẹ̀ báyìí ló kù kó bọ́.

Èyí tó ń dunni jù ni kéèyàn jáwèé olúborí kó wá lọ sùn. Kọ́ọ̀tù ò ní sójà, kò sì ní àpò owó. Lọ́dún 2004, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Nàìjíríà sọ pé Ààrẹ ò lágbára láti dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró, síbẹ̀ Ọbásanjọ́ ò tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó di ìgbà tí Yar'Adua gbàjọba lọ́dún 2007. Torí náà kẹ́ ẹ tó pẹjọ́ rárá, ẹ ti bi lọ́yà yín ohun tó kàn tí ìjọba bá kọ etí dídi sí ìdájọ́.