Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀bẹ Kékeré Alákọ̀ fún Iṣẹ́ Ojoojúmọ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹni tí ń gé okùn àwọ̀n létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, tàbí tí ń la ẹja, kò nílò ọ̀bẹ ńlá rárá. Èyí tí ojú rẹ̀ kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, tí kò sì ṣe é ká, ti tó. Èèkù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: kí irin ọ̀bẹ náà wọnú rẹ̀ dé ìdí, nítorí pé èyí tí irin rẹ̀ kúrú lè yọ mọ́ni lọ́wọ́ nígbà tí a bá fi agbára gé nǹkan. Irin tí kì í tètè dípẹtà ni mo fara mọ́ fún etí omi. Àkọ̀ oníke sàn ju ti awọ lọ, torí pé awọ a máa fa omi mọ́ra, ṣùgbọ́n kí ó di ọ̀bẹ mú dáadáa, kí ó má baà já bọ́ nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi omi tí ó mọ́ fọ̀ ọ́, ẹ sì nù ún gbẹ. Bí ojú rẹ̀ bá kú, ẹ da omi díẹ̀ sórí òkúta ìpọ́nbẹ, ẹ gbé ojú ọ̀bẹ náà lé e, kí ẹ sì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ kúrò lára òkúta ní nǹkan bí ìwọ̀n 20 dígíríì, kí ẹ sì pọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà.