Bí ẹ ṣe lè jẹun gbádùn pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ yín níbi àjọ̀dún oúnjẹ tí èrò kún fọ́fọ́ l'Ádó-Èkìtì

Tí Udíròkò, ọdún ìbílẹ̀ Adó-Èkìtì, bá ti ń kanlẹ̀kùn lóṣù Ògún (oṣù kẹjọ), tàbí tí àwọn ọmọ Èkìtì bá ń wálé wá ṣe Kérésìmesì, ibi tí oúnjẹ bá wà ni gbogbo ẹsẹ̀ ń dorí kọ. Láti ìta ààfin Ewì, ọba Adó, lọ dé Ọjà Ọba, agbòòrùn àwọn olóúnjẹ á tò lọ bẹẹrẹ. Bó bá sì jẹ́ àjọ̀dún oúnjẹ ni wọ́n gbé kalẹ̀ sí gbàgede kan, àwọn tó ń ta oúnjẹ láti inú ọkọ̀ á wà níbẹ̀, onísúyà, aláàsun, alákàrà, ọlọ́jọ̀jọ̀ àti oníyán á wà níbẹ̀, èrò á sì máa tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ níbẹ̀ máa ń dùn mí. Wọ́n á jọ dé, wọ́n á jọ tò sẹ́yìn ìlà kan náà, olúkúlùkù á ra abọ́ ńlá tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ á fi ṣú, oúnjẹ kan péré ni gbogbo wọn ti jẹ, ikùn ti kún, owó sì ti tán. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ilẹ̀ Èkìtì tó yẹ kẹ́nu wọn kàn wà nítòsí wọn lọ́tùn-ún lósì. Ẹ pín iṣẹ́, ẹ pín oúnjẹ, kí ẹ sì mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ má pọ̀ jù. Ẹni mẹ́rin sí mẹ́fà ló dáa. Bí ẹ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ méjì, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣáájú tirẹ̀. Ẹni mẹ́wàá kò lè rìn pọ̀ láàárín èrò; wíwá ara yín nìkan lẹ máa fi gbogbo ọjọ́ ṣe.

Ẹ dá owó oúnjẹ jọ sọ́wọ́ ẹnì kan tó mọ owó ṣírò, tí kì í sì í tètè bínú. Owó yẹn ni ẹ máa fi ra gbogbo ohun tí ẹ bá jọ fẹ́ jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan mìíràn á fi owó àpò ara rẹ̀ rà á. Èyí ń gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ ìjà púpọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ máa rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí gbèsè súyà lọ́jọ́ kejì.

Ẹ mú owó kéékèèké lọ́wọ́: ₦200, ₦500, ₦1,000. Tí èrò bá ti pọ̀ lójú kan, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù a máa fà, torí òpó kan náà ni ọ̀pọ̀ fóònù tó wà níbẹ̀ ń lò. POS á kọ̀, tíránsífà á há sójú ọ̀nà. Bó bá di dandan kí ẹ ṣe tíránsífà, ẹ ka orúkọ tó bá yọ sí etígbọ̀ọ́ ẹni tó ni ọjà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lọ, kí ẹ sì dúró títí owó á fi wọlé fún un. Àwọn oníjìbìtì ti fi àlẹ́ẹ̀tì irọ́ kó ọ̀pọ̀ oníṣòwò sí gbèsè, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kó dùn yín bí ìyá olóúnjẹ bá ní kí ẹ fara balẹ̀ ná.

Ẹ tún bi ara yín léèrè ohun tí ara kálukú ń kọ̀. Kúlíkúlí lílọ̀ wà nínú yájì tí wọ́n ń wọ́n sára súyà, ẹ̀pà sì ni kúlíkúlí. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án rárá. Bí Mùsùlùmí bá wà láàárín yín, ẹ bèèrè irú ẹran tó wà nínú ìkòkò kí wọ́n tó bù ú. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, kó yáa jìnnà sí àsun, torí ata pọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì kò ju omi, ọṣẹ kékeré, tíṣù, ṣíbí, abọ́ onídèérí kan àti páwà báǹkì lọ. Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù Ògún, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn fi agbòjò sílẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀.

Ẹ mú ibi ìpàdé kan

Kí ẹ tó túká, ẹ fẹnu kò sí ibi tí ẹ ó ti máa pàdé, kó sì jẹ́ ohun tí kì í ṣípò padà. Ẹ má sọ pé "lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń sun àgbàdo", torí àgbàdo pọ̀ lóṣù Ògún, gbogbo oríta ni wọ́n ti ń sun ún. Ẹnu géètì ńlá dáa, ilé gíga tí gbogbo ayé mọ̀ náà dáa. Bí ẹ bá wà ní agbègbè Fájuyì, ọgbà tó ń jẹ́ orúkọ Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó tó jẹ́ gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ayé ọjọ́un, tí wọ́n sì pa lóṣù keje ọdún 1966, ni ibi tí mo máa ń sọ fún àlejò. Kò sí ọlọ́kadà tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ dá àkókò sí i pẹ̀lú: bí ẹnikẹ́ni bá sọnù, kí gbogbo yín padà síbẹ̀ nígbà tí aago bá lù, kì báà jẹ́ pé fóònù ń lọ tàbí kò lọ.

Ẹ gbé ọkọ̀ yín sílẹ̀ níbi tó jìn díẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ súnmọ́ ibẹ̀ jù kò ní ráyè jáde tó bá yá.

Ẹ rìn yí ká láì tíì ra nǹkan kan

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣòro jù fún ẹni tí ebi ń pa, òun náà ló sì wúlò jù. Ẹ yí gbogbo ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fojú wò, kí ẹ fimú gbọ́, kí ẹ bèèrè iye. Ẹ wo ibi tí àwọn ìyá àgbà tó ń gbé àdúgbò tò sí. Àwọn yẹn kì í fi owó wọn ṣòfò. Ẹ wo ibi tí ìkòkò ti ń tètè tán tí wọ́n ń gbé òmíràn ka iná, torí oúnjẹ tó ń tà wàràwàrà kì í ráyè tutù.

Àwọn àgbà ti to oúnjẹ lẹ́sẹẹsẹ fún wa tipẹ́tipẹ́: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé gúgúrú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n á ra pọfu-pọfu, wọ́n á fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì í, tó bá fi máa kan iyán, ó ti sú wọn. Èmi ò lè wá Èkìtì kí n máa fi gúgúrú kún inú. Iyán ni kó ṣáájú, díẹ̀ ló sì yẹ kó jẹ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ iyán gidi

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí odó. Bí ẹ kò bá gbọ́ ìró ọmọ odó nítòsí, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bèèrè pé: "Ẹ kú ọjà mà, ajé á wọgbá. Ṣé ti odó ni àbí pòǹdó?" Kò sí ohun tó burú nínú pòǹdó fún ẹni tó fẹ́ ẹ, àmọ́ kò yẹ kí ẹ san owó iyán lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń gé e. Iyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú odó ṣì ń rú èéfín. Bó bá ti ọwọ́ bọ omi tó gé e, ó ń fà díẹ̀ kó tó já, ojú ibi tó ti já á sì jọ̀lọ̀ láìsí kókó. Èyí tí wọ́n ti wé sínú ọ̀rá láti àárọ̀ tí wọ́n kó sínú kúlà máa ń làágùn. Ẹ ó rí omi tó ń ṣẹ́ sára ọ̀rá náà, tí ẹ bá sì tú u, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti rọ̀ bí ẹni pé wọ́n tún un sè. Ẹ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Oṣù Ògún ni iṣu tuntun ń jáde, omi sì pọ̀ nínú iṣu tuntun, kì í gún bíi ti iṣu tó ti gbó tó sì ti gbẹ. Oníyán tó mọṣẹ́ á fara balẹ̀ yan iṣu rẹ̀, á sì sọ fún yín láì fi bò bí ti oní bá rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá wá ní oṣù Ọ̀pẹ (oṣù kejìlá) á jẹ èyí tó le dáadáa.

Ní ti ọbẹ̀, bí wọ́n bá ní ẹ̀gúsí ìṣápá, ẹ má wá nǹkan mìíràn. Kíkan díẹ̀ tó wà lára ìṣápá yẹn ń bá iyán mu lọ́nà tí ẹ̀fọ́ mìíràn kò lè gbà ṣe é. Bí kò bá sí, ẹ̀fọ́ rírò náà dáa. Abọ́ iyán méjì tó fún ẹni mẹ́rin.

Àsun, ọ̀jọ̀jọ̀ àti àwọn yòókù

Ẹran ewúrẹ́ ni àsun. Wọ́n á fi iná sun ún, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sì yí i mọ́ ata rodo àti àlùbọ́sà nínú agbada. Ibi tí mo máa ń wò gan-an ni pátákó tí aláàsun ń gé e lé àti ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pátákó kan náà ló fi gé ẹran tútù tó tún fi gé èyí tó ti jinná, ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ ti ra á. Ẹ dúró kó yí tiyín lójú yín, kó gbóná gan-an kó tó bù ú sínú bébà.

Ọ̀jọ̀jọ̀ náà, iṣu ewùrà tí wọ́n rin ni, tí wọ́n po ata àti àlùbọ́sà mọ́, tí wọ́n wá dín. Ojú òróró ni kí ẹ wò. Bí òróró bá ti dúdú, tó ń hó bí ọṣẹ, tó sì ń rú èéfín, ó ti pẹ́ lórí iná. Gbogbo ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde á korò díẹ̀. Èyí tó dáa a máa dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu, inú rẹ̀ á sì rọ̀. Ẹyọ méjì-méjì tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn, mọ́ínmọ́ín eléwé, dòdò: ẹ fi wọ́n sí ẹ̀yìn. Omi inú ọ̀rá tàbí inú ike, kó ní nọ́ńbà NAFDAC lára, kó má sì jẹ́ èyí tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀. Ẹmu tí wọ́n dá láàárọ̀ a máa dùn, á sì ti kan, á ti le tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó máa wa ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

Orí ìlà

Ìgbà yìí ni ẹ wá pín ara yín. Ẹnì kan á wá ìjókòó, á sì ṣọ́ ẹrù. Méjì á tò síbi oníyán, torí ìlà tirẹ̀ ló máa ń gùn jù, ẹni tó kù á lọ síbi àsun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ dé níwọ̀n àkókò kan náà, kí iyán má baà tutù níbi tí ẹ ti ń dúró de ara yín.

Ẹ kí àwọn tó wà níwájú yín. Bí ìyá àgbà tàbí aboyún bá dé sẹ́yìn yín, ẹ sọ pé, "Ẹ bọ́ síwájú, mà." Ẹ má gba ipò fún ọ̀rẹ́ márùn-ún tí kò sí lórí ìlà, ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù nìyẹn, inú àwọn tó ti dúró látàárọ̀ á sì bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ bèèrè iye kí wọ́n tó bù ú, torí lẹ́yìn tí ṣíbí bá ti kan abọ́, kò sí ìnájà mọ́. Ẹ fi fóònù sínú àpò iwájú, kí ẹ má sì yọ ọ́ ya fọ́tò níbi tí èrò ti ń ti ara wọn.

Bí ẹ ṣe máa pín in jẹ

Gbogbo yín á fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ bu ọbẹ̀ sí abọ́ kálukú, kí ẹ má ki ọwọ́ bọ inú abọ́ kan náà bí ẹnikẹ́ni bá ń wúkọ́ tàbí tí inú ń run ún. Ẹni tó kéré jù kó má ṣe kọ́kọ́ mú ẹran, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn iyán, ẹ sinmi, ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ tó kan àsun.

Bí nǹkan bá yí

Bí inú ẹnì kan bá ń ṣí, ẹ tètè po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí ẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí kan náà. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé omi nìkan ló ń yà lemọ́lemọ́, tàbí tó ń bì tí kò dáwọ́ dúró, ẹ má ṣe dúró dọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, pàápàá ní àsìkò òjò tí onígbáméjì máa ń jà. Bí èèyàn bá fara pa tàbí dákú láàárín èrò, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì tí ẹ máa pè.

Ohun tí ẹ máa gbé lọ sílé

Ẹ má gbé iyán lọ sílé. Mọ́ínmọ́ín àti àsun ni ẹ lè gbé, nínú abọ́ onídèérí tí ẹ mú wá. Oúnjẹ sísè tó bá ti tutù tó sì ti lo ju wákàtí méjì lọ níta, ẹ má fún ọmọdé jẹ. Bí ẹ bá ti délé, ẹ da àsun sínú ìkòkò, ẹ ta omi díẹ̀ sí i, kí ẹ gbé e gbóná títí yóò fi hó dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó pín in fún àwọn ará ilé.