Bí mo ṣe fi rédà wọn ọ̀nà lójú òkun Ìlàjẹ

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, àmọ́ Sátidé tó kọjá mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá torí ẹ̀gbọ́n mi ra rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá nǹkan tójú ò rí, sínú ọkọ̀ ojú omi ẹ̀, ó ní kí n wá bá òun tò ó. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, kùrukùru bo gbogbo ibi, ẹ ò lè fojú rí nǹkan tó jìnnà rárá.

Kí n tó wọn nǹkan kan, gain, ìyẹn bọ́tìnì tó ń mú kí rédà túbọ̀ gbọ́ ìgbì tó ta padà, ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Mo gbé e sókè títí àmì wínníwínní bí iyanrìn fi kún ojú rédà, mo wá dín in kù títí díẹ̀ péré fi ṣẹ́kù. Ẹ má fo ibí yìí o, torí tí gain bá ti lọ sílẹ̀ jù, nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n ò ní hàn rárá.

Ilé irin kan tí wọ́n ti ń wa epo ló hàn dáadáa. Mo fa òrùka VRM, èyí tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, títí tó fi kan etí àmì náà lápá ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe àárín ẹ̀ o, ó ka máìlì òkun 4.2, máìlì òkun kan sì jẹ́ mítà 1,852. Ìlà EBL, èyí tó ń fi apá tí nǹkan wà hàn, ní tiẹ̀, àárín àmì gangan ni mo fà á gbà, ó ka 40 digirí lápá ọ̀tún imú ọkọ̀, kọ́ńpáàsì wa sì wà ní 195, mo ro ó pọ̀, 235. Tó bá ti ju 360 lọ, ẹ yọ 360 kúrò.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, èwo nínú méjèèjì ni kí n gbà gbọ́ jù?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe jìnnà tó ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ o." Àkókò tí ìgbì rédà fi lọ tó fi padà ni wọ́n fi ń ṣírò ìyẹn, bearing, ìyẹn apá tí nǹkan wà, ní tiẹ̀ wà lọ́wọ́ bí ìtànṣán náà ṣe fẹ̀ tó. Èyí tó bá fẹ̀ tó digirí 5, tó bá fi máa dé máìlì òkun 4, ó ti fẹ̀ ju mítà 600 lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí mo bá fẹ́ mọ ibi tá a wà, òrùka méjì láti ara nǹkan méjì tí mo dá mọ̀ ni mo máa ń yà sórí ṣáàtì, ìyẹn máàpù òkun, ibi tí wọ́n ti pàdé ni mo máa ń mú. Etí òkun Ayétòrò ni mi ò ní lò, torí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ohun tí rédà ń rí lè jẹ́ ilé tó wà lẹ́yìn etí omi.

Bá a ṣe ń padà bọ̀, ìgbì òkun ń kún àárín ojú rédà, ẹ̀gbọ́n yí sea clutter, bọ́tìnì tó ń pa àmì ìgbì òkun rẹ́, sókè, gbogbo ẹ̀ mọ́ fínífíní. Mo ní kí wọ́n dá a padà díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dá a padà ni àmì kékeré kan yọ níwájú wa ní máìlì 0.3, ó ń farahàn, ó ń sọnù. Ọkọ̀ onígi àwọn apẹja ni, ìgbì rédà kì í fi bẹ́ẹ̀ ta padà lára igi. Mo wo bearing ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò yí, ó ṣáà ń sún mọ́ wa ni, ìyẹn ni pé a fẹ́ kọlu ara wa. A dín eré kù, a ya sọ́tùn-ún, ká tó kọjá la gbóhùn àwọn tó wà nínú ẹ̀.