Irọ́ tí Ìyá Àgbà pa: bí mo ṣe kọ iṣẹ́ Aquinas mi

Ọmọ ìjọ Bàbútísì ni mí, ṣùgbọ́n yunifásítì àwọn Àgùdà ni mo ti kọ́ fìlọ́sọ́fì: Dominican University, ní Sámọ́ńdà, Ìbàdàn. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Fadá Dominican, ẹgbẹ́ àlùfáà Àgùdà kan, ti wà níbẹ̀ láti 1993. Ọdún 2016 ni ìjọba fún un níwèé àṣẹ láti di yunifásítì. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni wọ́n kọ́ wa níbẹ̀, ṣé kátíkísìmù ni? Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo máa ń rò fún wọn.

Fadá tó ń kọ́ wa kọ ìbéèrè kan sójú pátákó: Ṣé gbogbo irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀? Wọ́n ní ká dáhùn ún bí Thomas Aquinas, onímọ̀ ìgbàgbọ́ àtijọ́ tí òun náà jẹ́ Dominican, ṣe ń dáhùn ìbéèrè nínú Summa Theologiae, ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. O ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ sọ èrò tìrẹ. Àtakò lo máa fi bẹ̀rẹ̀: "Ó dà bí ẹni pé kì í ṣe gbogbo irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀," wàá sì to ẹ̀rí àwọn tí èrò yín ò papọ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Lẹ́yìn náà, gbólóhùn kan láti ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀wọ̀n, tó dojú kọ àwọn àtakò yẹn. Ìgbà náà lo tó lè kọ "Mo dáhùn pé." Wàá wá padà sórí àtakò kọ̀ọ̀kan, wàá dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe ń jiyàn ní yunifásítì Paris láyé Aquinas ni wọ́n sọ di ìwé bẹ́ẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo kọ tèmi tán. Àtakò mẹ́ta, ìlà méjì-méjì: gbogbo ayé ló ń purọ́, irọ́ mìíràn dùn, òmíràn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Nígbà tí ìwé mi padà dé, Fadá ò fọwọ́ kan ìdáhùn mi rárá. Bírò pupa yí àtakò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, wọ́n sì kọ sétí ìwé: "Ta ló ń sọ báyìí?"

Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní ọmọlangidi ni mo gbé kalẹ̀ tí mo bá jà. Wọ́n ní kí n wá ẹni tó gbà tọkàntọkàn pé irọ́ kan tọ́, kí n jókòó tì í, kí n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ débi pé bó bá gbọ́ ọ, á ní bí òun ṣe wí gan-an nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà mi ni mo gbà lọ. Nígbà Wẹ́tìẹ̀, 1965, tí wọ́n ń fi pẹtiróòlù sun ilé àti èèyàn nítorí òṣèlú, aládùúgbò kan sá wọlé tọ̀ wọ́n. Ìyá Àgbà tì í sí ìyẹ̀wù, wọ́n kó aṣọ bò ó, wọ́n wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn jàǹdùkú dé, wọ́n béèrè. Ìyá Àgbà ní àwọn ò rí ẹnikẹ́ni láti àárọ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ ò ṣe kúkú dákẹ́?" Ìdí tí mo fi bi wọ́n ni pé mo ti ka ìdáhùn Aquinas. Ó ní a ò gbọdọ̀ purọ́ láti yọ ẹnikẹ́ni nínú ewu yòówù kó jẹ́, ṣùgbọ́n a lè fi ọgbọ́n bo òtítọ́, gẹ́gẹ́ bí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù tó ti wà ṣáájú rẹ̀, ti wí. Yorùbá náà ní kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ.

Ìyá Àgbà wò mí. "Àjọkẹ́, bí mo bá dákẹ́, ìdákẹ́ mi ni ì bá júwe ìyẹ̀wù fún wọn."

Gbólóhùn yẹn di àtakò mi àkọ́kọ́. Mo padà sínú Aquinas, mo sì rí i pé òun náà ò bá ọmọlangidi jà. Ó gbé àwọn agbẹ̀bí Hébérù tí wọ́n purọ́ fún Fáráò kalẹ̀, tí Ọlọ́run sì ṣe dáadáa sí wọn; ó gbé oníṣègùn tó ń gé ẹ̀yà ara kan kí ara yòókù lè yè kalẹ̀. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi tún tèmi kọ. Mo dáhùn pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni àmì ohun tó wà nínú wa, irọ́ sì ń yí àmì náà po, nítorí náà àbùkù wà nínú irọ́ gbogbo. Ṣùgbọ́n Aquinas ya irọ́ ìpalára sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́ àwàdà àti irọ́ tí a fi ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, kò sì ka èyí tí a fi ranni lọ́wọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ ikú, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo jù lọ.

Ìdáhùn sí Ìyá Àgbà ló gbà mí lákòókò jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ tí mo pa á rẹ́. Níkẹyìn mo kọ òótọ́ tó wà nínú mi: níbi tí ìdákẹ́ pàápàá ti ń sọ̀rọ̀, ọ̀nà tí Aquinas là sílẹ̀ ò gba ẹni tó wà nínú ìyẹ̀wù là, mi ò sì tíì rí ọ̀nà mìíràn. Fadá fún mi ní 17 nínú 20. Wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Àtakò yìí ṣì dúró. Má fi í sílẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé mo ka ìwé náà létí Ìyá Àgbà, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé orí àtakò àkọ́kọ́, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já.

"Bí mo ṣe wí gan-an nìyẹn."