Alignment Hilux tí ẹ gbé sókè: toe nìkan kò tó

Gbàrà tí ẹ bá ti ki spacer (irin pẹlẹbẹ tó ń gbé ọkọ̀ sókè) sórí ṣọ́ọ̀kì iwájú Hilux, alignment (bí táyà ṣe dúró àti ibi tó kọjú sí) tó wà nílẹ̀ ti dà rú nìyẹn, bí ọkọ̀ náà tiẹ̀ ṣì ń lọ tààrà. Lower arm, apá irin ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ táyà mú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ tẹ́lẹ̀ ti wá dagẹ̀rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ má fojú kéré spacer o: ìwọ̀n íǹṣì kan lórí ṣọ́ọ̀kì máa ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè tó bí íǹṣì méjì, torí pé àárín arm ni ṣọ́ọ̀kì jókòó sí, kì í ṣe ìdí táyà.

Ohun mẹ́ta ló ń yí padà. Camber ni bóyá orí táyà tẹ̀ sínú tàbí síta. Toe ni bóyá imú táyà méjèèjì ń wo ara wọn. Caster ni bí òpó tí táyà fi ń yí ṣe fẹ̀yìn tì. Caster yìí ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í fọwọ́ kàn. Wọ́n á tún toe ṣe, wọ́n á ní ó ti parí. Ẹ ò ní mọ̀ nínú gò-síló Mọ́kọ́lá. Ó di orí márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, tí ẹ bá sáré dé 100, kí ọkọ̀ tó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tí sítíárìn ò sì ní fẹ́ dá padà lẹ́yìn kọ́nà.

Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ jẹ́ kí sípíríǹgì jókòó dáadáa, ẹ wà á fún bí 200 km. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi téèpù wo toe kí táyà má baà jẹ. Ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé sàmì sójú táyà iwájú méjèèjì lẹ́yìn, ní ìwọ̀n gíga àárín rẹ̀, ẹ wọn àlàfo àárín wọn. Ẹ ti ọkọ̀ síwájú títí àmì náà á fi dé iwájú, ẹ tún un wọ̀n. Ti iwájú gbọ́dọ̀ fi 1 sí 2 mm kéré sí ti ẹ̀yìn.

Bóòtù cam ìdí lower arm, èyí tí yíyí rẹ̀ ń sún arm wọlé tàbí jáde, ló máa ń fa wàhálà jù. Ẹrẹ̀ á ti wọ ibẹ̀, bóòtù á dógùn-ún mọ́ irin inú búṣì. Ẹ fọ́n WD-40 sí i láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ gé e, kí ẹ ra bóòtù àti búṣì tuntun ní Gate, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ n'Ìbàdàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ iná gáàsì sí i, rọ́bà búṣì á jóná.

Cam méjì ló wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fa ti iwájú wọlé, tí ẹ sì ti ti ẹ̀yìn jáde, ball joint ìsàlẹ̀ (oríkèé tó so arm mọ́ ẹsẹ̀ táyà) á sún síwájú, caster á pọ̀ sí i. Tí méjèèjì bá jọ wọlé tàbí tí wọ́n jọ jáde, camber ni ẹ ń yí. Ẹ wá caster tó tó 3°, kí ọ̀tún àti òsì má fi ju 0.5° lọ síra wọn, kí camber sì sún mọ́ òdo. Tí cam bá ti dé òpin tí caster ò tíì tó, pàápàá tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè ju íǹṣì méjì àbọ̀ lọ, upper arm (apá irin òkè) tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ gíga ló kù, ẹ má fúngun mọ́ ọn.

Orí ilẹ̀ ni kí táyà wà nígbà tí ẹ bá ń dè bóòtù wọ̀nyí pa. Bí ẹ bá dè é nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì rọ̀ dirodiro lórí jáàkì, rọ́bà búṣì á lọ́ra, á ya láìpẹ́.

Toe ló gbẹ̀yìn, torí gbogbo yíyí cam ló ń bà á jẹ́. Ẹ so sítíárìn mọ́ àárín gbùngbùn, ẹ yí tie rod méjèèjì (ọ̀pá tó so sítíárìn mọ́ táyà) ní ìwọ̀n kan náà, ẹ dè nọ́ọ̀tì rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹni tí kò bá yí sítíárìn sọ́tùn-ún àti sósì kò tíì wo caster rárá. Ẹ gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn.

Tí ẹ bá ki block (irin tó ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè) sẹ́yìn, ẹ wo bóyá orí bóòtù àárín sípíríǹgì wọ ihò rẹ̀ dáadáa. Tí áàsù ẹ̀yìn bá yẹ̀, sítíárìn á wọ́ bí nọ́ńbà iwájú tiẹ̀ dára. Ẹ tún U-bolt, bóòtù onírísí U tó de sípíríǹgì mọ́ áàsù, dè lẹ́yìn 500 km, kí ẹ sì yí iná iwájú wálẹ̀ kó má baà máa fọ́ àwọn tó ń bọ̀ lójú.