Ẹ yà sí Veracruz, ẹ má jókòó sí etíkun nìkan

Àwọn èèyàn mi tó bá ń lọ sí Mẹ́síkò, Cancún, ìlú etíkun tí àwọn arìnrìn-àjò ń rọ́ lọ, ló máa ń wà lẹ́nu wọn. Veracruz lèmi máa ń ní kí wọ́n lọ, ìpínlẹ̀ gbọọrọ tó na ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun níhà ìlà-oòrùn. Yanrìn ibẹ̀ kò funfun, omi rẹ̀ kò sì mọ́ gaara, nítorí náà ẹ má fi gbogbo ọjọ́ yín sùn sí etíkun.

Ìlú èbúté, tí òun náà ń jẹ́ Veracruz, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Gran Café de la Parroquia, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní lechero. Kọfí dúdú díẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé wá nínú ife gíláàsì. Ẹ fi ṣíbí lu ife náà kó dún. Ẹni tó ń gbé kẹ́tùlù wàrà gbígbóná kiri yóò gbọ́, yóò sì wá dà á sí i láti òkè. Bí ebi bá wá dé, ẹ wọkọ̀ lọ sí etí ọ̀sà Mandinga, kò jìnnà, kí ẹ jẹ arroz a la tumbada: ìrẹsì olómi tí wọ́n fi edé, akàn àti ẹja sè.

Ìlú tí n kò ní gbà kí ẹ fò dá ni Yanga, lẹ́bàá Córdoba. Gaspar Yanga, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú, sá gorí òkè pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Sípéènì gbógun tì wọ́n ní 1609, apá wọn kò ká wọn, àwọn ará Sípéènì sì gbà níkẹyìn kí Yanga àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ ìlú tiwọn dó, kí wọ́n wà lómìnira. Ère Yanga wà níbẹ̀. Ẹ má kánjú níwájú rẹ̀.

Bó bá ṣeé ṣe, kí ọjọ́ kejì oṣù kejì bá yín ní Tlacotalpan. Ọdún Candelaria nìyẹn: wọn a gbé ère Màríà sínú ọkọ̀ ojú omi, wọn a tù ú lórí odò Papaloapan. Candelaria kan náà ni àwọn olórìṣà Kúbà so pọ̀ mọ́ Ọya wa. Orí mi wú nígbà tí mo rí i lórí odò. Ẹ tètè gba yàrá sílẹ̀, ìlú kékeré ni, èrò a sì kún un fọ́fọ́.

Ní àríwá, ẹ wo àwókù ìlú El Tajín, kí ẹ sì ra fanílà ní Papantla.

Láti oṣù kẹwàá títí di nǹkan bí oṣù kẹta, atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní norte lè dé lójijì; bó bá ń fẹ́, ẹ má wọnú òkun. Ẹ mú aṣọ òtútù dání bí ẹ bá máa dé Xalapa tó wà lórí òkè, níbi tí orí òkúta ràgàjì méje tí àwọn Olmec, ẹ̀yà ìgbàanì kan ní Mẹ́síkò, gbẹ́ wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.