Bí a ṣe ń ka èsì àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun ńlá: ẹ má fo ìlà kókó inú ọ̀rá

Tí wọ́n bá gé ibi tí jẹjẹrẹ wà lára ìfun ńlá, wọn kì í dà á nù. Ọ̀dọ̀ paitọ́lọ́jì, ìyẹn dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò, ni wọ́n ń gbé e lọ, ìwé tó bá sì ti ibẹ̀ jáde ni dókítà máa fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ì báà jẹ́ Wesley Guild ní Iléṣà ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá Ifẹ̀, abẹ́ OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni méjèèjì wà. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì fi í sínú fáìlì. Fọ́tò orí fóònù nìkan ò tó. Fóònù ò ṣòroó sọnù.

Ẹ kọ́kọ́ wá lẹ́tà T. Òun ló ń sọ bí jẹjẹrẹ náà ṣe jẹ wọnú ògiri ìfun tó. T1 kò tíì jìn. T4 ti yọ sí òde ìfun tàbí kó ti wọ ẹ̀yà ara mìíràn.

Ó wá kan N. Ẹ máa rí nọ́ńbà méjì tí ìlà kan là láàárín, bíi 0/14. Èyí tó kẹ́yìn ni iye lymph node tí wọ́n yẹ̀ wò, ìyẹn àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí Ọlọ́run dá mọ́ wa láti máa sẹ́ omi ara. Èyí tó ṣíwájú ni iye tí jẹjẹrẹ ti wọ̀ nínú wọn. Ó yẹ kí wọ́n yẹ 12 wò, ó kéré tán. Tó bá dín, ẹ béèrè ìdí. Ó lè dín lára ẹni tó ti gba rediotẹ́rápì, ìyẹn ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ, ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

Ibi 0/14 yìí gan-an ni wọ́n ti máa ń pa ìwé dé. "A dúpẹ́ o, kò tíì ràn!" Ẹ ṣì ní sùúrù. Ẹ máa kà á bọ̀ wá sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí "tumour deposits" tàbí "tumour nodules". Kókó jẹjẹrẹ ni, inú ọ̀rá tó yí ìfun ká ló wà, ó ti dá dúró lọ́tọ̀ sí jẹjẹrẹ tó ti wá. Tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù, wọn ò ní rí àmì lymph node, iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí iṣan ìmọ̀lára lára rẹ̀. Ẹyọ kan péré ti tó láti sọ N0, ìyẹn pé kò tíì ràn, di N1c, kí aláìsàn sì bọ́ sí ìpele kẹta (stage III), bí gbogbo lymph node tiẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìlànà TNM, tí àwọn dókítà fi ń pín jẹjẹrẹ sí ìpele, ẹ̀dà rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀keje tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2010 ló mú N1c wá. Tí ìwé yín kò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ bi wọ́n: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kókó wà nínú ọ̀rá náà? Mélòó ni?"

Mélòó yẹn ṣe pàtàkì. Bí kókó bá ṣe pọ̀ tó ni ewu pé àìsàn náà á padà ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó ní kókó, tí jẹjẹrẹ tún wọ lymph node rẹ̀, tirẹ̀ le ju ti ẹni tó ní ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Síbẹ̀, TNM kì í ka kókó mọ́ lymph node: tí jẹjẹrẹ bá wọ lymph node 2, N1b ni, yálà kókó 1 wà tàbí 5. Lójú tèmi, àléébù gidi nìyẹn. Ẹ má gbára lé lẹ́tà nìkan.

Ẹ má sì jẹ́ kí aládùúgbò kankan túmọ̀ ìpele kẹta sí "ó ti bù ṣe". Kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ló kàn, bí ara bá lè gbà á: capecitabine tàbí 5-FU pẹ̀lú oxaliplatin, fún oṣù 3 sí 6. Ó dára kó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí náà ẹ tètè pe ẹbí jọ lórí ọ̀rọ̀ owó. Ó ń náni lówó gan-an.

Lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CEA, tó ń wá àmì bóyá jẹjẹrẹ ti padà, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́fà-mẹ́fà, àti colonoscopy, ìyẹn fífi kámẹ́rà wo inú ìfun ńlá, tó bá pé ọdún kan. Tí ẹ bá tún rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ má sáré wá àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ kan àwọn ọmọ àti àwọn tó bá aláìsàn jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà. Kí wọ́n ṣe colonoscopy tiwọn ní ẹni 40 ọdún, tàbí kó ku ọdún 10 kí wọ́n tó dé ọjọ́ orí tí wọ́n ti rí i lára aláìsàn, èyíkéyìí tó bá yá jù. Tó bá jẹ́ ẹni 45 ni bàbá nígbà yẹn, ẹni 35 ni ọmọ yóò ti ṣe é.